Ìyá Sunaina àti Ògiri Yàrá Ìyàwó

                                        Ilé Kẹtàlélógún,
                                        Ẹ̀yìn Ọjà Ewébẹ̀,
                                        Kankarbagh,
                                        Patna.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Èbìbí, 2019.

Nutan, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni gbogbo ilé? Báwo ni ọkọ rẹ, ṣé iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gbé yín lọ sí Pune ti bá a lára mu báyìí? Guddi ọmọ rẹ ńkọ́? Mo rí àwòrán rẹ̀ nínú aṣọ ilé-ìwé, eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ti ká, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé kò mọ̀. Orúnkún ìyá ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ti lè gun àtẹ̀gùn fúnra wọn? Lọ́dọ̀ wa níbí, oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Tó bá ti di ọ̀sán, afẹ́fẹ́ gbígbóná yẹn á máa gbá ilẹ̀kùn, kò ní sí ẹni tó ń jáde. Ara mi le. Ohun tó ń ṣe mí kò sí nínú ara.

Mo mọ̀ pé yóò yà ọ́ lẹ́nu pé mo jókòó kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tẹ nọ́ńbà rẹ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pa á kó tó dún. Bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, irọ́ ni màá tún pa. Bébà kò ní dá mi lóhùn, bóyá màá lè sọ ọ́ dópin.

Nígbà tí Shambhu, àbúrò ọkọ Ìyá Sunaina ìyá rẹ, sọ fún ọ pé ìyá ṣe bí abilékọ nígbà tí wọ́n jẹ́ opó, pé wọ́n tan èmi àti àwọn tó ni ìgbéyàwó jẹ, ìwọ lo kọ̀wé bẹ̀ mí. O ní, "Ranjana, jọ̀ọ́, má bínú sí ìyá mi. Àgbà ló ń dé sí wọn. Fi tèmi jì wọ́n." Oúnjẹ ni mò ń jẹ lọ́wọ́ nígbà tí mo kà á. Mo gbé àwo náà tì. Nutan, ìyá rẹ ò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Èmi ni.

O mọ iṣẹ́ mi. Ọdún keje rèé tí mo ti ń ṣètò ìgbéyàwó fún àwọn olówó Patna, tí mo ń wá oníṣẹ́ ọwọ́ kiri láti abúlé dé abúlé kí ọ̀ṣọ́ wọn lè jọ tilé. Nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Thakur, èyí tó ń kọ́lé tà, gbé ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ Aparna fún mi. Bengaluru ni ọmọ náà ti kàwé. Kò fẹ́ òdòdó oníke, kò fẹ́ iná mèremère. Agbọ̀n koríko aláwọ̀ wúrà ló fẹ́, erin alámọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ tí àwọn obìnrin fi ọwọ́ rán. Èyí tó jẹ ẹ́ lógún jù ni kohbar, yàrá tí òun àti ọkọ rẹ̀ yóò lo ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́. Ó fẹ́ kí wọ́n ya ògiri rẹ̀ bí wọ́n ṣe yà á fún ìyá ìyá rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má gbé èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ wá fún mi o. Mo fẹ́ rí ibi tí ọwọ́ ènìyàn ti gbọ̀n."

Mo kọ́kọ́ gbé e fún àwọn ọ̀dọ́ méjì tó jáde nílé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà. Wọ́n yà á sórí pákó kí n wò ó. Ó mọ́, ó gún, kò sì ní ẹ̀mí. Ẹja wọn dà bí ẹja inú agolo. Ìgbà yẹn ni ìyá rẹ sọ sí mi lọ́kàn, mo bá wọ ọkọ̀ lọ sí abúlé yín.

Àgbàlá ni mo bá wọn, wọ́n ń fi ìgbẹ́ màlúù pa bébà tí wọ́n fẹ́ yàwòrán sí lára, wọ́n ń sá a sóòrùn. Mo sọ ohun tí mo bá wá.

"Ranjana, ṣé orí rẹ pé? Ògiri kohbar? Èmi?"

"Ìyá, ta ló tún mọ̀ ọ́n yà bíi tiyín?"

"Ọ̀rọ̀ ta ló mọ̀ ọ́n yà kọ́ nìyẹn. Ọdún kẹtàlélógún rèé tí ọkọ mi ti kú. Orí bébà ni mo ń yà á sí, oníṣòwò ń rà á, ó ń bá ọkọ̀ òfuurufú lọ, kò sẹ́ni tó ń bi bébà bóyá opó ló yà á. Ṣùgbọ́n ògiri ìyàwó, ọwọ́ opó kò gbọdọ̀ kàn án! Lọ wá abilékọ, ọmọ mi. Má kó ìtìjú bá mi."

Ó yẹ kí n dìde níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rántí ọjọ́ ìgbéyàwó tìrẹ. Ìyá tó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún mẹ́rin, torí pé opó ni wọ́n, inú ilé màlúù ni wọ́n dúró sí títí a fi sìn ọ́ sínú ọkọ̀, nígbà tí aládùúgbò yín tí kò lè fa ìlà kan kó tọ́ ń kun ògiri rẹ. Mo ní, "Ìyá, ẹ ò rí ti Nutan yà. Ẹ ya èyí bí ẹni pé tirẹ̀ ni." Mo mọ ibi tí mò ń tẹ̀, mo sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ojú wọn yí padà. Wọ́n nu ọwọ́ sí etí aṣọ funfun wọn.

"Bí wọ́n bá dá mi mọ̀ ńkọ́?"

"Ní Patna? Ta ló mọ̀ yín níbẹ̀? Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, èmi ni màá dáhùn."

Èmi ni màá dáhùn. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́.

Ilé mi ni a ti múra. Mo ti ra aṣọ sari pupa àti ẹ̀gbà ọwọ́ onígíláàsì méjìlá ti abilékọ sílẹ̀. Sari, wọ́n wọ̀ ọ́. Ẹ̀gbà, wọ́n jẹ́ kí n fi sí wọn lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eegun ọwọ́ wọn ti tóbi, ọṣẹ ni mo fi tì í wọlé. Nígbà tó wá kan sindoor, ìyẹ̀fun pupa tí abilékọ ń fi sí ìlà àárín irun, wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Èyí, ẹni tí ọkọ rẹ̀ wà láyé ló ni ín." Mo ní ìyẹ̀fun lásán ni. Mo ya irun funfun wọn sí méjì, mo sì fi ìka ara mi fi í sí i. Wọ́n wo dígí. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu bí ọmọge. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí dígí náà dojú kọ ògiri.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ya yàrá náà nílé Ọ̀gbẹ́ni Thakur. Nutan, ó wù mí kí o ti rí i. Wọ́n fa ọparun kan láti ilẹ̀ dé òkè àjà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láì gbé ọwọ́ kúrò. Wọ́n fi òṣíbàtà yí i ká, wọ́n kó odídẹrẹ́ àti ìjàpá odò sí i, oòrùn lápá kan, òṣùpá lápá kejì. Orin ò kúrò lẹ́nu wọn. Àwọn obìnrin ilé wá ń jókòó tì wọ́n láti máa gbọ́ ọ̀rọ̀. Aparna fúnra rẹ̀ ló ń lọ àwọ̀ fún wọn.

"Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí," ìyá wí fún un, "ẹ ti rí ọkọ tán kí ẹ tó fẹ́ ẹ. Èmi, ẹsẹ̀ ọkọ mi ni mo kọ́kọ́ mọ̀, torí ilẹ̀ ni mò ń wò fún odidi ọjọ́ mẹ́rin. Èékánná rẹ̀ gùn!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Aparna ní, "Ìyá, tèmi máa ń hanrun o."

"Híhanrun ò burú. Ìgbà tó bá dákẹ́ ni kí o dìde wò ó."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mi ò lè rẹ́rìn-ín sí ìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹja wá fún wọn. O mọ̀ pé láti ọjọ́ tí ọkọ wọn ti kú, ẹja ò kan ẹnu wọn mọ́, bí àṣà wa ṣe fi de opó. O sì mọ bí wọ́n ṣe fẹ́ràn ẹja tó. Ìyá Aparna dúró lórí wọn: "Ẹ jẹun, Ìyá. Àbí ẹja wa ò dùn ni?" Ìyá rẹ gbójú sókè wò mí. Mo fi ojú sọ fún wọn pé kí wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n bù ú, wọ́n fi sẹ́nu, wọ́n jẹ ẹ́ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, títí dé inú orí ẹja náà. Omi ń dà lójú wọn. Wọ́n ní ata ni. Nígbà tó ku àwa méjì, wọ́n ní, "Ranjana, o ti mú kí n ṣẹ ọkọ mi." Mo sọ fún wọn pé ó ku ọjọ́ kan péré.

Àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó ni ọ̀rọ̀ já. Ẹ̀gbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Thakur obìnrin, èyí tí wọ́n fẹ́ sí abúlé kan tí kò jìnnà sí tiyín, ti abúlé dé. Òun àti àwọn abilékọ àgbà wọ yàrá náà láti kan sindoor àkọ́kọ́ mọ́ ògiri. Ẹnu yà á. Ó yíjú kiri, ó ní, "Ọwọ́ ta nìyí? Irú èyí ò sí mọ́ láyé. Níbo ló wà, kí n súre fún un?" Wọ́n ti ìyá síwájú. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ká ìbòrí wọn sókè. Ìre tó fẹ́ sú dúró sí i lẹ́nu.

"Ojú yìí. Ìwọ kọ́ ni ìyàwó Bisheshwar, tó bá ọkọ̀ ojú omi rì lọ́dún àgbàrá? Mo wá bá yín kẹ́dùn. Mo rí ọ nílẹ̀ nínú aṣọ funfun."

Ìyá rẹ fa ìbòrí wọn bojú padà.

"Àbí ọkùnrin náà ti jí ni? Dá mi lóhùn! Opó ni ẹ gbé wá o! Opó ló ya yàrá ọmọ wa! Opó ló ń jẹ ẹja nínú ilé yìí!"

Ariwo bẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Thakur sáré wọlé pẹ̀lú ìdajì irùngbọ̀n tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fá. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, kò wo ìyá rárá. Èmi ló yíjú sí.

"Ranjana, ṣé o mọ̀?"

Nutan, mo ti ro ìgbà yẹn títí orí fi ń fọ́ mi. Kò sẹ́ni tó gbé ọ̀bẹ lé mi lọ́rùn. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé lọ́la, gbogbo Patna yóò gbọ́ pé Ranjana ló gbé opó wọ kohbar, iṣẹ́ mi sì ti tán. Mo ní, "Mi ò mọ̀, ọ̀gá. Ó tàn mí jẹ ni." Mo tiẹ̀ pè wọ́n ní "ó". Ìyá tó bọ́ èmi àtìwọ nínú àwo kan.

Ìyá rẹ wò mí. Wọn ò wò mí pẹ̀lú ìbínú, ìbá sàn fún mi. Bí wọ́n ṣe máa ń wò wá nígbà tí a bá fọ́ ìkòkò ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjú sí Ọ̀gbẹ́ni Thakur, wọ́n ní, "Òótọ́ ló sọ. Ọmọ náà ò mọ nǹkan kan. Èmi ni mo tàn án jẹ."

Ìloro ni àwọn obìnrin náà mú wọn lọ. Wọ́n tẹ ọwọ́ wọn mọ́lẹ̀, wọ́n sì fi ọmọ ọlọ ata fọ́ àwọn ẹ̀gbà náà, bí wọ́n ṣe fọ́ tọwọ́ wọn lọ́jọ́ tí ọkọ wọn kú. Ẹnì kan da omi lé wọn lórí. Sindoor ṣàn gba iwájú orí wọn sójú, dé àgbọ̀n. Aparna sáré wá, ó kúnlẹ̀, ó ń ṣa àfọ́kù ẹ̀gbà náà, títí ọ̀kan fi gé e lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ gbá ọwọ́ náà dànù: "Ọjọ́ òní lo fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ nítorí opó?" Ọmọ náà wò mí. Mo wo ibòmíràn.

Kí agogo méjì ọ̀sán tó lù, ògiri ti funfun. Èmi ni mo pe àwọn akunlé. Èmi ni mo dúró tì wọ́n, tí mo ní kí wọ́n kùn ún lẹ́ẹ̀kejì torí ọparun náà ṣì ń hàn. Mo gbé aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ kọ́ sí i. Ọkọ ìyàwó dé nírọ̀lẹ́, àwọn àlejò sì yìn mí. Ní ti ìyá, mo ní kí dírẹ́bà mi gbé wọn lọ sí ibùdókọ̀. Èmi fúnra mi ò jáde.

Ohun tó tẹ̀lé e ni Shambhu ò sọ tán fún ọ. Ìròyìn náà ṣáájú ìyá dé abúlé. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń ya bébà yọ orúkọ wọn. Nínú oṣù Ẹrẹ́nà, ọkọ Aparna ṣubú lórí alùpùpù, ó sì kán lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ti ń san, ó ti ń rìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yóò fi dé abúlé yín, wọ́n ti ń ní ọwọ́ ìyá ló wà níbẹ̀, wọ́n sì ń kó ọmọ wọn wọlé bí ìyá bá ń kọjá.

Èmi ò débẹ̀ títí oṣù Igbe fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Nígbà tí mo lọ, mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ tí màá sọ sórí. Mo bá koríko màlúù nínú yàrá wọn. Shambhu ní, "Wọ́n ti lọ bá àwọn opó ní Vrindavan. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ìyókù ayé àwọn gbàdúrà."

"Àwọn ló sọ bẹ́ẹ̀, àbí ẹ̀yin lẹ gbé wọn lọ?"

"Ranjana, èmi lọ́mọbìnrin méjì tí n óò fi fọ́kọ. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

Mo jẹ́wọ́ fún un níbẹ̀. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, sari, sindoor, gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́ mi tán, ó ń fi igi họ ẹ̀yìn màlúù rẹ̀. Ó ní, "Kí ni èyí máa yí padà? Wọ́n ṣáà jẹ ẹja náà."

Mo tún lọ sọ ọ́ fún Ọ̀gbẹ́ni Thakur. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ yẹn ti tán, má ba orúkọ ara rẹ jẹ́ lásán." Ó wá sọ fún mi pé ọmọ ọ̀rẹ́ òun kan ń ṣègbéyàwó nínú oṣù Bélú, èmi sì ni wọ́n fẹ́. Mo ní màá ṣe é. Mo ti pinnu láti má fi nǹkan kan pa mọ́ fún ọ lónìí, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ìyẹn náà síbí.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni mo dé Vrindavan. Ọjọ́ kan gbáko ni mo fi wá wọn. Gbọ̀ngàn kan ni mo ti rí wọn, láàárín àwọn obìnrin aláṣọ funfun tí wọ́n ń kọrin sí òrìṣà Krishna láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí wọ́n lè fún wọn ní ìrẹsì. Wọ́n ti fá irun wọn. Ìlà kẹta ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, ẹnu wọn ń mì, ohùn ò jáde. Nígbà tí wọ́n sinmi, wọ́n wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun.

Mo wólẹ̀ sí wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní kí n dìde, pé ilẹ̀ ibẹ̀ dọ̀tí.

"Ṣé Nutan mọ̀?"

"Rárá, Ìyá."

"Má sọ fún un. Tó bá jẹ́ pé èmi ni mo purọ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣì jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì ni mo tọ́ pọ̀."

Mo ní kí wọ́n dìde, kí á jọ máa lọ sí Patna, yàrá wà nílé mi. Wọ́n ronú sí i. Mo rí i pé wọ́n ronú sí i lóòótọ́. Wọ́n wá bi mí pẹ̀lú sùúrù, bí ẹni tó ń bèèrè iye tí wọ́n ń ta ẹ̀wà: "Bí àwọn oníbàárà rẹ bá dé, tí wọ́n bi ọ́ pé ta nìyí, kí lo máa sọ?"

Mo yanu. Oṣù Bélú ló sọ sí mi lọ́kàn. Kò ju ìwọ̀nba mímí mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n wọ́n rí i. Agogo lù nínú gbọ̀ngàn. Ìyá rẹ fi ọwọ́ kàn mí lórí, wọ́n sì padà lọ jókòó sí ìlà kẹta.

Nutan, mo ti ní ìdáhùn báyìí. Mo ti ránṣẹ́ sí àwọn tó ni ìgbéyàwó oṣù Bélú pé mi ò ṣe mọ́, mo sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n mi ò rò pé ìyá yóò tún bi mí ní ìbéèrè náà. Ìwọ ni wọ́n lè tẹ̀lé. Ọ̀nà rèé: bí o bá kúrò ní ìlú Mathura, sọ̀ kalẹ̀ níbi tí ọ̀nà ti yà sí etí odò, bèèrè ilé àwọn ìyá opó tó ní ilẹ̀kùn àwọ̀ ewé, lẹ́yìn àwọn tó ń ta wàrà. Wọ́n máa ń kọrin láti aago méje sí mọ́kànlá láàárọ̀, aago mẹ́ta sí méje nírọ̀lẹ́. Mú sálúbàtà lọ fún wọn, èyí tó wà lẹ́sẹ̀ wọn ti já.

Bí o bá fẹ́ kí n bá ọ lọ, màá lọ. Bí o kò bá fẹ́ rí mi mọ́, mo gbà bẹ́ẹ̀. Fi ẹnu ko Guddi lẹ́nu fún mi, bí o bá ṣì fẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá ó tọ́ kí n ní kí o bá mi kí ọkọ rẹ àti ìyá rẹ̀, nítorí náà mo fi ìyẹn sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ.

                                        Èmi tí ìyá rẹ fi ara wọn bò,

                                        Ranjana.